Má gé sípíríǹgì Civic rẹ, ríìmù ni kí o kọ́kọ́ wọ̀n

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. Civic 2008 lo ní, Àkúrẹ́ níbí lo ń gbé, owó ọwọ́ rẹ ò pọ̀, o sì fẹ́ kí mọ́tò náà balẹ̀ kí ríìmù rẹ̀ yọ dé etí féńdà. Mẹkáníìkì rẹ ní òun máa bá ọ gé sípíríǹgì, o wá ń béèrè bóyá kí o gbà. Má gbà o. Bó bá ní iná lòun máa fi yọ́ ọ, má gbà yẹn náà.

Irú Civic yẹn ni mo ń wà, ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti gé sípíríǹgì rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí a fi jáàkì gbé e, ojú táyà ẹ̀yìn tí a ń rí láti ìta ṣì dára, ilà ara rẹ̀ ṣì jìn. Mo ti ọwọ́ bọ inú lọ́hùn-ún, wáyà ló gún mi níka. Inú táyà ti jẹ tán pátápátá. Ṣọ́ọ̀kì kan ti ń da ọ́ìlì, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tí ẹnu sípíríǹgì tí wọ́n gé fìdí lé, ó ti gé rọ́bà ìjókòó rẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé iṣu.

Sípíríǹgì tí wọ́n bá gé kì í kúrú lásán, ó tún máa ń le sí i, torí àwọn ìká tó ń tẹ̀ ti dín kù. Ààyè tó máa fi rìn kó tó kan ìdí náà ti kéré. Gbogbo kòtò tí o bá bọ́ sí, ṣọ́ọ̀kì ló ń jẹ ẹ́. Bí o bá sì fi jáàkì gbé mọ́tò, sípíríǹgì máa tú lójú ìjókòó rẹ̀, ó lè yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ti iná burú jù ú lọ. Líle tí wọ́n fún irin yẹn ní ilé iṣẹ́ ni iná máa bàjẹ́, mọ́tò á máa rì díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún á sì balẹ̀ ju òsì lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé àlàfo tó wà láàárín táyà àti féńdà ni ojú ń rí. Bí ríìmù bá kún inú féńdà dáadáa, mọ́tò tó fi mìlímítà 30 balẹ̀ máa dùn ún wò ju èyí tó fi 60 balẹ̀ tí ríìmù rẹ̀ sá sínú. Ìwọ náà mọ ìlú wa: sìlábù orí gọ́tà, bọ́ǹpù ọ̀nà FUTA, àwọn ojúlé Òkè-Àró tó dà gẹ̀rẹ̀ wọlé. Ní 30, mò ń wọ ilé mi láìfi bọ́ńpà kan sìlábù. Ra sípíríǹgì tí wọ́n dìídì ṣe kúkúrú fún Civic. Wàá rí i ní Ládípọ̀, ní Mushin, bí o bá fara balẹ̀ wá a. Bí ṣọ́ọ̀kì rẹ bá ti ń da ọ́ìlì, pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí o má baà san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ku ríìmù, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí o ti ṣọ́ra. Ìṣirò ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ET sẹ́yìn ríìmù pẹ̀lú nọ́ḿbà kan, òun ni à ń pè ní offset. Bí nọ́ḿbà yẹn bá ṣe ń kéré ni ríìmù ń yọ síta. Bó bá jẹ́ 16 ló bá mọ́tò rẹ wá, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 6.5, ET45, táyà 205/55R16. Ká ní o rí 17 tó fẹ̀ tó 8, ET35. Íǹṣì kan àbọ̀ ló fi fẹ̀ jù ú lọ, ìyẹn mìlímítà 38: 19 lọ síta, 19 lọ sínú. Offset tún ti odindi ríìmù síta ní 10. Ó fi 29 yọ síta nìyẹn, ó sì fi 9 péré sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì.

Wá wọn ti ara rẹ. Gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, so òkúta mọ́ okùn, fi okùn náà kọ́ etí féńdà kó wá sílẹ̀ tààrà, kí o wọn àlàfo láti ara okùn dé etí ríìmù. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí o wọ̀n, torí mọ́tò tí wọ́n ti tún ara rẹ̀ ṣe rí kì í dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Ti inú náà, wọn ọ́n láti ara táyà dé ara ṣọ́ọ̀kì.

Bóòtù Civic rẹ jẹ́ márùn-ún, 114.3. Ríìmù Corolla 2003 sí 2008 tí wọ́n máa tì sí ọ lọ́wọ́, 100 ni tiwọn, kò lè wọ̀ ọ́. Ti Camry jẹ́ 114.3 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 60.1, họ́ọ̀bù Honda sì jẹ́ 64.1. Wẹ́dà máa ní òun á fi gíráńdà fẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, gba ríìmù rẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o máa lọ. Bí ihò bá tóbi ju 64.1, òrùka kan wà tí wọ́n fi ń dí àlàfo náà, kò wọ́n. Láìsí i, sítíárìn lè máa gbọ̀n bí o bá ti ń sáré lójú títì.

Nọ́ọ̀tì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò, ẹ̀mí sì wà níbẹ̀. Ẹnu nọ́ọ̀tì Honda rí rogodo, ihò ọ̀pọ̀ ríìmù tí kì í ṣe ti Honda sì rí ṣóńṣó. Bí o bá fi rogodo dè é, etí tín-ín-rín lásán ló ń kan ara wọn, yóò tú. Ra nọ́ọ̀tì ẹlẹ́nu ṣóńṣó, 12 lọ́nà 1.5, kí wọ́n fún un ní 108 Nm. Bí o bá ti lọ Ọ̀wọ̀ tí o sì padà dé, tún un fún.

Fún táyà, 215/45R17 ni kí o rà. Gíga rẹ̀ tó 625, ti àtijọ́ tó 632, mítà ìsáré rẹ ò ní yí púpọ̀. Má na 195 sórí ríìmù 8. Kòtò kan péré lè fọ́ etí ríìmù náà. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, wo nọ́ḿbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Bí owó ò bá tó, ríìmù tòkunbọ̀ tí kò sán, tí kò tẹ̀, ti tó. Táyà ni kí o náwó lé.

Lẹ́yìn tí o bá ti fi gbogbo rẹ̀ sí i, fi ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé pa etí inú féńdà, kó èèyàn mẹ́ta sẹ́yìn, gun bọ́ǹpù jẹ́jẹ́. Ibi tí funfun bá ti nù kúrò ni táyà ń kàn. Lẹ́yìn náà, lọ sí ibi tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe aláìmẹ́ǹtì, kì í ṣe ti okùn, kí wọ́n wo ẹ̀yìn pẹ̀lú iwájú. Orí táyà tó bá wọ inú díẹ̀ kì í tètè jẹ táyà. Èyí tó ń jẹ ẹ́ ni kí ojú táyà méjèèjì má kọjú síwájú gbọọrọ, wọ́n sì lè tún ìyẹn ṣe lẹ́yìn Civic láìra nǹkan kan.

Bí o bá ti wọn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ nọ́ḿbà wọn ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fífẹ̀ àti ET ríìmù tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ, kí o tó sanwó. Màá bá ọ ṣírò rẹ̀.