Ìbéèrè Yín: Ta Ló Sọ 95.5 FM Ti New York Di Rédíò Orin Ìyìn?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti máa ń gbọ́ 95.5 FM tipẹ́ kí n tó lọ sílé. Nígbà tí mo padà dé, orin ìyìn ni mo bá níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, gbogbo sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ sì ti lọ. Ṣé ọ̀gá wọn ló yí ọkàn padà ni? Ṣé kò síbi téèyàn lè fẹjọ́ sùn? — Òǹkàwé kan, Bronx

Ìdáhùn: Wọ́n tà á ni. WPLJ ló ti ń jẹ́ láti 1971. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń lù nígbà náà. Ní 1983 wọ́n yà sídìí orin tó gbòde. Cumulus, ilé iṣẹ́ tó wá ni ín, jẹ gbèsè débi pé ó wọ ilé ẹjọ́ lọ ní 2017. Ní oṣù Kejì 2019, ó gbà láti ta rédíò mẹ́fà fún Educational Media Foundation ní mílíọ̀nù 103.5 dọ́là. Ti New York wà níbẹ̀, ti Washington àti ti Atlanta náà wà níbẹ̀, ìlú táwa Yorùbá pọ̀ sí. Ní aago méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún náà, K-LOVE, rédíò orin ìyìn ti Educational Media Foundation, gba orí 95.5.

Rédíò ìlú kan ṣoṣo ni K-LOVE fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀: 91.9 FM, Santa Rosa ní California, ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 1982. Sátẹ́láìtì ló sọ ọ́ di ńlá. Ibì kan ni wọ́n ti ń to orin àti ọ̀rọ̀ pọ̀. Ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan nílò kò ju òpó, tírànsímítà àti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn láti òkè lọ. Ìdí nìyẹn táwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yín fi lọ. Tẹ́lẹ̀, FCC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò lÁmẹ́ríkà, ní dandan ni kí rédíò ní sítúdíò nítòsí ìlú tó ń sìn. Ní 2017 wọ́n fagi lé òfin yẹn. Lójú tiwa, ìlú pàdánù nínú ìyẹn, bó ti wù kí orin náà dùn tó.

K-LOVE kì í gba ìpolówó ọjà. Ọrẹ àwọn tó ń gbọ́ wọn ni wọ́n fi ń ná. Àárín 88.1 sí 91.9 ni Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún irú rédíò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fowó ra 95.5 lè lò ó bẹ́ẹ̀ náà.

Ní ti ẹjọ́: bí FCC bá ti kéde pé òun ti gba ìwé títa náà wọlé, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni ẹ ní láti kọ ìwé ta kò ó lọ́dọ̀ FCC. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà ni pé wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn fẹ́ràn orin ti tẹ́lẹ̀. Láti 1981 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti fara mọ́ ọn pé kí FCC má dá sí irú orin tí rédíò yàn.

Ìbéèrè: Ṣé ìjọ wa lè ra rédíò báyìí ní Nàìjíríà? — Òǹkàwé kan, Òṣogbo

Ìdáhùn: Rárá o. Òfin tó dá NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ní 1992 kò fàyè gba fífún ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú ní ìwé àṣẹ. Àkókò lẹ máa rà lọ́wọ́ rédíò tó ti wà. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́, aago àti iye ìṣẹ́jú gan-an wà nínú ìwé àdéhùn, torí ìpolówó máa ń jẹ nínú àkókò tẹ́ ẹ rà. Bí ọ̀rọ̀ gómìnà bá bọ́ sí àkókò yín, tàbí tí iná lọ, báwo ni wọ́n ṣe máa san án padà? Ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Ẹ má bú ẹ̀sìn ẹlòmíì, ẹ má sì gbé iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí sáfẹ́fẹ́. NBC ti fòfin de èyí láti 2004.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé orin akọrin ìjọ yín sáfẹ́fẹ́, ohùn ló máa ń ba irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́ jù. Bí iná pupa bá ń tàn lórí míkísà yín nígbà tẹ́ ẹ ń gbohùn sílẹ̀, ohùn ti ń fọ́ nìyẹn, ó sì ṣòro láti tún un ṣe dáadáa mọ́. Ẹ̀rọ tó ń fún ohùn pọ̀ ní rédíò á tún fún un sí i, ìlù á sì bo ọ̀rọ̀ orin mọ́lẹ̀. Ẹ fi ohùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n bíi dB (ìwọ̀n agbára ohùn) mẹ́ta sísàlẹ̀ pupa. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì mónò, èyí tó ń pa ohùn ọ̀tún àti tòsì pọ̀ di ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀: ọ̀pọ̀ rédíò kéékèèké ní agbóhùnjáde kan ṣoṣo, dùùrù tó fẹjú jù láàárín ọ̀tún àti òsì sì lè pòórá níbẹ̀.