Work-study kò ní gé bílì ọmọ yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Maryland ni a ń gbé, gbogbo wa la ti ní green card. Yunifásítì kọ̀wé sí ọmọbìnrin mi pé wọ́n fún un ní Federal Work-Study, 3,000 dọ́là. Bílì wá dé, kò dín rárá. Ẹnì kan ní kí n mú 200 dọ́là wá kí òun bá wa tú owó náà sílẹ̀. Ṣé kí n san án? — Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀, sà. Kò sí owó kankan tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tú.

Mi ò dá yín lẹ́bi. Bí ilé-ìwé ṣe ń kọ lẹ́tà yìí ló ń ṣi òbí lọ́nà: wọ́n á to Pell Grant (owó ìrànwọ́ ìjọba tí a kì í san padà), ẹ̀yáwó àti work-study sójú kan, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, òbí á sì rò pé àròpọ̀ yẹn ni wọ́n máa yọ nínú bílì. Ẹ yọ work-study kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ṣírò. Iṣẹ́ ni, tí ọmọ yín máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Láti 1964 tí òfin rẹ̀ ti wà, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà máa ń bá ilé-ìwé gbé èyí tó pọ̀ nínú owó-iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí agbára ilé wọn kò ká owó ilé-ìwé. Ọmọ á wá iṣẹ́, á ṣe é, wọ́n á san iye wákàtí tó bá ṣe. Bí kò bá rí iṣẹ́, kò ní rí sẹ́ǹtì kan. 3,000 yẹn sì ni òpin ohun tó lè pa lábẹ́ ètò náà lọ́dún yẹn.

Ní Maryland, owó-iṣẹ́ tí òfin ìpínlẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ dín ni 15 dọ́là fún wákàtí kan. 3,000 dọ́là jẹ́ iṣẹ́ 200 wákàtí. Bí ẹ bá pín in sí 30 ọ̀sẹ̀, 100 dọ́là lọ́sẹ̀ ni, kí wọ́n tó yọ owó-orí bó bá kàn án. Ọwọ́ ọmọ ni wọ́n máa ń san án sí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù; wọn kì í kó o sórí bílì àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Á ràn án lọ́wọ́ láti ra ìwé, láti wọ bọ́ọ̀sì. Bílì tó ti wà nílẹ̀ báyìí, ẹ béèrè bóyá ilé-ìwé gbà kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó ní kí ẹ mú 200 dọ́là wá ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ní studentaid.gov, ilé-ìwé ló sì ń ṣètò iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ti fún un ní password ọmọ yín, kí ọmọ náà yí i padà lónìí. Jìbìtì ni, mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé láti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ẹni tó bá fi físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè, wọlé kò sí nínú ètò yìí. Òfin gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ilé-ìwé, kó má ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ bi ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè. Èmi kì í ṣe lọ́yà o.

Ní ti ọmọ yín, sà, kó tètè lọ bi ọ́fíìsì financial aid wọn, torí iṣẹ́ náà kì í kárí, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìlànà tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, wọ́n á ní kó kọ fọ́ọ̀mù I-9, èyí tó ń fi hàn pé òfin gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Kó mú green card rẹ̀ gan-an dání, kó má mú fọ́tò orí fóònù lọ.