Èsì: Ẹ́ńjìnnì ni tàbí sípíríǹgì?

Ẹ bèèrè bóyá ẹ́ńjìnnì Octavia vRS (ọkọ̀ Škoda tó ń sáré dáadáa) oníbúùtù gígùn yín ni ẹ ó kọ́kọ́ fún lágbára sí i, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ní tèmi, ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ná, nítorí dísẹ́ẹ̀lì lítà 2.0 tó ní agbára ẹṣin 184 àti agbára ìyípo 380 Nm kò ya ọ̀lẹ rárá. Bí ẹ bá fi kún un, kilọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, ló máa ń kọ́kọ́ figbe ta. Sípíríǹgì tó rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ní mìlímítà 25 ti tó. Mo rẹ tèmi sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà tí mo sì di ẹrù kún búùtù ni mo gbọ́ tí táyà ń ha ara ọkọ̀, kírà-kírà, ní gbogbo kòtò. Asẹ́ èéfín, èyí tó ń gba èédú inú èéfín dísẹ́ẹ̀lì dúró, ńkọ́? Ẹ má yọ ọ́ o. Ìrìn gígùn ló ń jó èédú inú rẹ̀ dànù.