Ó ní kí n san £600 kí òun bá mi nu orúkọ mi mọ́

Àbúrò wa obìnrin kan ní ìlú òyìnbó ló kọ̀wé sí mi, lẹ́tà ẹ̀ gùn, mo gé e kúrú, mo sì ti yọ ohun tí wọ́n lè fi dá a mọ̀ kúrò. Ó ní:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé UK kí ọkọ mi àtàwọn ọmọ tó wá bá mi. Rẹ́ǹtì, owó fáìsà, owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé, káàdì ìyáwó (credit card) méjì ni mo fi ń gbé gbogbo ẹ̀, mo tún wá yá lóònù lé e. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀ mí kí n bá òun gba fóònù olóṣooṣù lórúkọ mi, kò san ju oṣù mẹ́ta lọ tó fi dákẹ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ní 2022, gbogbo nǹkan dàrú, mo kó kúrò nílé tí mo wà, n ò rí lẹ́tà kankan mọ́. Ní báyìí mo ti níṣẹ́ gidi, mo ti san káàdì méjèèjì tán, ó ku lóònù díẹ̀ àti fóònù yẹn. A fẹ́ gba ilé tó tóbi díẹ̀, ágẹ́ńtì wá ní mo ní CCJ, ìyẹn ìdájọ́ kọ́ọ̀tù lórí gbèsè, n ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n gbé mi lọ sí kọ́ọ̀tù rárá. Mo parọ́ fún Dádì wọn pé wọ́n ti fún ẹlòmíì nílé náà. Ọ̀gbẹ́ni kan lórí WhatsApp ní òun máa nu gbogbo ẹ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, £600 lòun ń gbà. Ṣé kí n san án?"

Àbúrò mi, má san án. £6 gan-an, má fún un.

Ohun tó bá jẹ́ òótọ́ nínú fáìlì ẹ, ìyẹn àkọsílẹ̀ bó o ṣe ń yá owó àti bó o ṣe ń san án, kò sí bàbá ẹni tó lè yọ ọ́ kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé. Ohun tí kì í bá ṣe òótọ́ ńkọ́, ìwọ fúnra ẹ lo máa kọ̀wé pé kí wọ́n tún un ṣe, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Kí ni £600 wá fẹ́ ṣe láàárín méjèèjì? Mo mọ nǹkan tí irú àwọn èèyàn yẹn máa ń ṣe dáadáa. Wọ́n á kọ̀wé sí báńkì lórúkọ ẹ pé olè ló jí orúkọ ẹ lò, pé ìwọ kọ́ lo yá lóònù, tàbí kí wọ́n ní kó o lọ máa lo àdírẹ́ẹ̀sì ẹlòmíì, tàbí kó o yí orúkọ ẹ sódì, àwa tí a lórúkọ mẹ́rin mẹ́rin yìí, wọ́n á ní kó o gbé orúkọ ìsọmọlórúkọ ṣíwájú kó o fi tinú pásípọ́ọ̀tù sẹ́yìn, wọ́n á ní ẹni tuntun lo dà yẹn. Jìbìtì ni o. Orúkọ tìẹ ló máa wà nísàlẹ̀ ìwé náà, kì í ṣe tiẹ̀, òun á ti yí nọ́ńbà fóònù padà nígbà yẹn. Ẹni tó ṣì ń retí ìwé ìgbélùú ò sì yẹ kó sún mọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó yẹ kó o ti bẹ̀rẹ̀ ni kó o wo ohun tí wọ́n kọ gan-an, torí nínú gbogbo lẹ́tà ẹ n ò rí ibi tó o ti sọ pé o ti wò ó fúnra ẹ, ẹ̀rù ló ń bà ẹ́, mo mọ̀. Mẹ́ta làwọn tó gbajúmọ̀ jù tó ń tọ́jú irú fáìlì yìí ní UK, Experian, Equifax àti TransUnion, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì gbọ́dọ̀ fún ẹ ní rípọ́ọ̀tù ẹ lọ́fẹ̀ẹ́ tó o bá béèrè. Gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí gbèsè tó wà lọ́dọ̀ ọ̀kan lè má sí lọ́dọ̀ èkejì. Má wulẹ̀ máa wo nọ́ńbà tí áàpù ń fi hàn pé o ti dé 400, o ti dé 500, báńkì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìṣirò tiẹ̀, ohun tó wà nísàlẹ̀ nọ́ńbà yẹn ni kó o kà. Tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mú bírò, fa ìlà sábẹ́ gbogbo déètì tó o bá rí, torí déètì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ìdí ni pé default, ìyẹn àkọsílẹ̀ pé o ti dá sísan dúró pátápátá, ọdún mẹ́fà ló ń lò níbẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ ní October 2022, October 2028 ló ń kúrò, bó o san gbèsè náà o, bó ò san án o. Má wá torí ìyẹn ní o ò san ìyókù mọ́ o! Gbèsè tí wọ́n kọ "satisfied" sí lára, ìyẹn pé o ti san án tán, dáa lójú ẹni tó fẹ́ fún ẹ nílé ju èyí tó ṣì là sílẹ̀ gbayawu, àti pé èyí tó là sílẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń gbé èèyàn lọ sí kọ́ọ̀tù.

Ibi tí wọ́n ti máa ń rẹ́ àwọn èèyàn wa jẹ rèé. Báńkì lè ta gbèsè ẹ fún ilé iṣẹ́ míì tó ń ra gbèsè, ilé iṣẹ́ yẹn á wá kọ default tiẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú déètì tuntun, bíi pé àná lo ṣẹ̀. Kò tọ́. Déètì àkọ́kọ́ náà ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, títà tí wọ́n ta á kì í tún ọdún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, ìlànà tí àwọn tó ń yáni lówó àti ICO, àjọ tó ń rí sí bí wọ́n ṣe ń lo àkọsílẹ̀ nípa èèyàn ní UK, jọ fẹnu kò lé lórí ni pé tó o bá ti jẹ oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà láìsan, àárín ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ default. Tó o bá dá sísan dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 tí wọ́n wá kọ default sí 2024, ọdún bíi méjì ni wọ́n fi kún ìyà ẹ yẹn, kọ̀wé sí wọn, kó o kọ sí àwọn tó ń tọ́jú fáìlì náà, ọjọ́ 28 ni àwọn tó ń tọ́jú fáìlì ní láti dá ẹ lóhùn. Tí báńkì bá kọ̀ jálẹ̀, tàbí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọjá tí o ò gbọ́ nǹkan kan, Financial Ombudsman, àwọn tó ń parí ìjà láàárín báńkì àti oníbàárà, wà, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Ṣó o rí i pé ohun tí ọ̀gbẹ́ni £600 ń pè ní iṣẹ́, lẹ́tà ni.

CCJ wá ńkọ́. Èyí le ju default lọ, torí ìdájọ́ kọ́ọ̀tù ni. Nínú rípọ́ọ̀tù ẹ, wàá rí orúkọ kọ́ọ̀tù, nọ́ńbà ẹjọ́, iye owó àti ọjọ́ ìdájọ́. Ká ní o san án tán láàárín oṣù kan tí wọ́n dá ẹjọ́ ni, wọn ì bá yọ ọ́ kúrò pátápátá, àmọ́ ilé tó o ti kó kúrò ni lẹ́tà lọ, bóyá ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí ti fi í di nǹkan. Ọ̀nà kan ṣì wà, o lè fi fọ́ọ̀mù N244 bẹ kọ́ọ̀tù pé kí wọ́n dá ìdájọ́ yẹn nù torí ìwé ò dé ọ̀dọ̀ ẹ. N ò ní tàn ẹ́ o: adájọ́ máa béèrè pé tí ìwé bá dé ọ̀dọ̀ ẹ, kí lo fẹ́ sọ? Tó bá jẹ́ pé o jẹ owó náà lóòótọ́ tí iye ẹ̀ sì pé, ọwọ́ ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n tí iye yẹn ò bá tọ́, tàbí wọ́n ti kó owó tí ò mọ́gbọ́n dání lé e, o lẹ́nu ọ̀rọ̀. Owó fọ́ọ̀mù wà, ẹni tówó tó ń wọlé fún un ò bá tó nǹkan lè ní kí wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀. Kó o tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù náà, pe National Debtline tàbí kó o lọ sí Citizens Advice, àwọn tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí gbèsè lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n bá ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tó nǹkan tí à ń jà fún, má sì jẹ́ kó pẹ́, torí adájọ́ máa béèrè ọjọ́ tó o gbọ́ nípa ẹ̀ àti ohun tó o ṣe láti ọjọ́ náà. Tí kò bá ṣeé ṣe, san án, gba ìwé pé o ti san, kí wọ́n kọ "satisfied" síbẹ̀, kó o máa ka ọdún mẹ́fà ẹ lọ.

Lóònù tó kù, tí wọ́n bá ní kó o mú ìdajì wá kí wọ́n dá ìyókù nù, kò burú, ṣùgbọ́n gba lẹ́tà kó o tó san, kó o sì mọ̀ pé "partially settled" ni wọ́n máa kọ síbẹ̀, kò dáa tó kí wọ́n kọ pé o san gbogbo ẹ̀. Tó bá ń fún ẹ lọ́rùn, StepChange, àjọ aláàánú tó ń ran ẹni tó jẹ gbèsè lọ́wọ́, máa bá ẹ ṣètò ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ fóònù. Mo bínú nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, èmi náà mọ bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀bẹ̀, "Sister, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò fún mi lórúkọ tèmi, ẹ má jẹ́ kójú tì mí." Wọn ò fún un lórúkọ tiẹ̀, ìyẹn nìkan tó kó o kọ̀. Àmọ́ ìwọ lo fọwọ́ sí i, gbèsè ẹ ni, má lọ sọ fún ilé iṣẹ́ fóònù pé wọ́n jí orúkọ ẹ lò. San án kúrò, kó o kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ ẹ pé iye báyìí lo jẹ mí, kó máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ẹ, lórí ìwé, kì í ṣe lẹ́yìn ìsìn ní páàkìn ṣọ́ọ̀ṣì. Tí kò bá san án, o ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Gbogbo ìyẹn, nǹkan tó ti bàjẹ́ là ń tún ṣe. Èyí tí à ń kọ́ lé e ńkọ́? Ṣé o ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò? Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rò pé ó dìgbà téèyàn bá gba pásípọ́ọ̀tù UK kó tó lè dìbò níbí, irọ́ ni, Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, tó o bá ti ní ìwé ìgbélùú èyíkéyìí tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì parí, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ẹ tó bá wà nínú ìwé ìdìbò ni báńkì fi ń mọ̀ pé ibi tó o sọ lò ń gbé lóòótọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, n ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn wa fi ń sá fún un.

Lẹ́yìn náà, gba ọ̀kan nínú àwọn káàdì tí wọ́n ṣe fún ẹni tí orúkọ ẹ̀ ti bàjẹ́. Èlé orí ẹ̀ ga burúkú, ìdí nìyẹn tó ò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí èlé kàn ẹ́ láé. Fi í ra epo ọkọ̀ nìkan, £30, £40, ṣe direct debit tó máa san gbogbo ẹ̀ lóṣooṣù, kó o tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Kó o tó ní kí wọ́n fún ẹ, lo ojú ìwé tó ń sọ bóyá wọ́n á gbà ẹ́, ìyẹn kì í hàn sí àwọn báńkì míì, torí tó o bá ń tọrọ lọ́tùn-ún lósì ńṣe ló máa ń dà bíi pé ebi ń pa ẹ́. Àjọ tó ò ń dá, má fi sílẹ̀, kò ní hàn nínú fáìlì kankan ṣùgbọ́n òun lo máa fi kó owó dípọ́sítì jọ.

Ó ku Dádì wọn. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, èyí gan-an lètè inú lẹ́tà ẹ. O ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìròyìn ayọ̀ kan wà fún un: ìgbéyàwó ò so fáìlì yín pọ̀, ilé kan náà tẹ́ ẹ jọ ń gbé ò so ó pọ̀, àfi tẹ́ ẹ bá jọ ní àkáǹtì tàbí lóònù kan náà. Torí náà orúkọ tiẹ̀ lè mọ́ kedere, ẹ má sì jọ ṣí àkáǹtì kankan nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n àwọn ágẹ́ńtì máa ń yẹ gbogbo àgbàlagbà tó bá fẹ́ fọwọ́ síwèé ilé wò, kò sí bó o ṣe máa fi pa mọ́ fún un títí tẹ́ ẹ fi máa kó. Ṣé ẹnu ágẹ́ńtì lo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ ni?

Má sọ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òru, má sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ. Jókòó, gbé rípọ́ọ̀tù tó o fàlà sí yẹn síwájú ẹ̀. "Dádì, mo fẹ́ fi nǹkan kan hàn yín. Ilé ọjọ́sí yẹn, wọn ò fún ẹlòmíì, èmi ni wọn ò gbà." Kọ́kọ́ sọ ti irọ́ yẹn kó o tó sọ ti owó, torí irọ́ ló máa dùn ún jù, owó lẹ jọ ná, nínú ẹ̀ náà ni owó fáìsà tó fi wá wà. Tó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ jọ ṣírò iye tó ń lọ sílé lóṣooṣù, kẹ́ ẹ sì jọ pe àwọn ará ilé, kó má jẹ́ ìwọ nìkan lo máa sọ pé owó máa dín kù.

Ti ilé, sọ òtítọ́ fún ágẹ́ńtì tó kàn kó tó yẹ̀ ẹ́ wò, fi páyísílíìpù ẹ àti lẹ́tà lánlọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí tì í pé ẹ ò jẹ rẹ́ǹtì rí, wá ẹni tó lè dúró fún yín. Àwọn kan á kọ̀, àwọn kan á gbà.

Tó o bá ti rí rípọ́ọ̀tù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fi ọjọ́ ìdájọ́ CCJ yẹn àti déètì default lóònù ránṣẹ́ sí mi, má fi nọ́ńbà àkáǹtì kún un o, ká jọ wo èyí tá a lè bá wọn jà lé lórí. Kó o sì blọ́ọ̀kù ọ̀gbẹ́ni yẹn lónìí.