Àròkọ tó padà wá pẹ̀lú ìlà pupa: ìdáhùn fún ẹni tó ń kàwé ní èdè kejì

Mo ka ìbéèrè yín dáadáa. Ẹ ní ẹ gba 6.5 nínú IELTS, ìdánwò tí wọ́n fi ń wo bí ènìyàn ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó, pé yunifásítì kan tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni gbà yín wọlé, ṣùgbọ́n àròkọ yín àkọ́kọ́ padà wá pẹ̀lú ìlà pupa káàkiri, tí olùkọ́ sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé kí ẹ lọ tún èdè yín ṣe. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ padà sídìí gírámà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, tàbí kí ẹ máa há ọ̀rọ̀ tuntun sórí. Èmi náà fi èdè kejì kàwé gboyè, ojú mi sì rí màbo kí n tó jáde, ìdí nìyí tí n kò fi lè ka ọ̀rọ̀ yín kí n sì kọjá lọ.

Ẹ fi gírámà sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá gba 6.5 ti mọ gírámà tó láti kọ gbólóhùn tó yéni, àṣìṣe kéékèèké tó kù yóò sì máa dín kù bí ẹ bá ṣe ń kàwé sí i. Ohun tó dé bá yín ni pé ìdánwò tí ẹ ṣe yàtọ̀ pátápátá sí iṣẹ́ tí yunifásítì gbé lé yín lọ́wọ́. Nínú apá ìkọ̀wé IELTS, wákàtí kan ni wọ́n fún yín fún iṣẹ́ méjì, èyí tó gùn jù nínú méjèèjì kò sì gbà ju kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ 250, ó kéré tán. Láti inú orí ara yín ni ẹ ti mú èrò tí ẹ kọ síbẹ̀ jáde. Kò sí ẹni tó bi yín pé níbo ni ẹ ti kà á. Ní yunifásítì, wọn yóò ní kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ, kí ẹ fi hàn pé ẹ kà á, kí ẹ sọ ibi tí wọ́n ti ta ko ara wọn, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ìdánwò tí wọ́n fi gbà yín wọlé kò yẹ ìyẹn wò rárá. Ó máa ń bí mi nínú gidigidi tí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé bá fọwọ́ sí máàkì ẹnìkan, tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wá ń bá a wí lẹ́yìn oṣù díẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó, bí ẹni pé irọ́ ló pa wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1979 ni Jim Cummins, onímọ̀ ẹ̀kọ́ tó ṣiṣẹ́ ní Kánádà, ti ya èdè tí a fi ń tàkurọ̀sọ lójoojúmọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èdè tí a fi ń kàwé. Ó rí i pé nǹkan bí ọdún 2 tó fún àwọn ọmọ tó ṣí wá sí Kánádà láti máa bá ojúgbà wọn sọ̀rọ̀ geere, ṣùgbọ́n ó máa ń gbà wọ́n ní ọdún 5 sí 7 kí wọ́n tó bá àwọn ojúgbà náà dọ́gba nínú èdè ìwé. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò lè kọ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́nu láìkọsẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kó kó ìtìjú bá yín.

Ní ti ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe há ìwé atúmọ̀ èdè sórí. Ní ọdún 2000, Averil Coxhead, onímọ̀ ẹ̀kọ́ èdè, gbé àkójọ kan jáde tí wọ́n ń pè ní Academic Word List. Ẹbí ọ̀rọ̀ 570, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ láti ara rẹ̀, ló wà nínú rẹ̀, àwọn ló sì kó nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé yunifásítì, ìbáà ṣe ti òfin, ti okòwò tàbí ti sáyẹ́ǹsì. Ẹ óò rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó kù wà nínú ìwé tí ẹ̀ka yín ní kí ẹ kà.

Ohun tó ṣòro jù, tí wọn kì í sì í tètè kọ́ni, ni bí a ṣe ń díwọ̀n ọ̀rọ̀. Ẹnìkan tí a jọ kàwé gba àròkọ rẹ̀ padà, gègé pupa yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo po lójú ìwé kejì, àmì ìbéèrè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí àlàyé kankan. "This proves" (èyí jẹ́rìí dájú pé) ló kọ síbẹ̀. A jọ yẹ gbólóhùn náà wò títí, gírámà rẹ̀ pé pérépéré. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti ṣáájú wa ló sọ fún wa pé ìwádìí tó ń tọ́ka sí kéré, àwọn onímọ̀ kì í sì í sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rí kékeré. "Suggests" (ó jọ pé) ni wọn ì bá kọ. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú ìlà pupa tiyín jẹ́ irú èyí, kò sì sí ìwé gírámà tó máa fi í hàn yín.

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kàn yìí, nítorí kò sí ẹni tó kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Ní ọdún tí mo fẹ́ parí, olùkọ́ kan fi àròkọ mi sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń ṣàwárí iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI), ẹ̀rọ náà sì ní kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n pè mí síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n tẹ́ àròkọ náà sórí tábìlì, wọ́n ti fi yẹ́lò kun àwọn gbólóhùn tí mo fi òru mi kọ, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè bí ẹni tí ìméèlì rẹ̀ máa ń ní àṣìṣe ṣe lè kọ ohun tó mọ́ tó báyìí. Ìbéèrè yẹn dùn mí wọ egungun. Àròkọ tí ènìyàn tún kà ní àkàtúnkà kò lè rí bákan náà pẹ̀lú ìméèlì tí a fi ìkánjú kọ, ẹni tó bá sì ti kàwé ní èdè kejì rí mọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá èsì mi dúró. N kò lè jẹun, n kò lè sùn, mo sì ń gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ̀rọ̀ nípa ayẹyẹ ìgboyè.

Ohun tí kò sí ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ náà tó mọ̀ ni pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń wo bí ó ti rọrùn tó láti mọ ọ̀rọ̀ tó kàn nínú gbólóhùn. Tí ọ̀rọ̀ bá ń tẹ̀ léra bí a ti rò, ẹ̀rọ náà yóò ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ló kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí àwọn olùkọ́ èdè ṣe kọ́ wa láti kọ̀wé gan-an nìyẹn: gbólóhùn kúkúrú, ọ̀rọ̀ tó dá wa lójú, ọ̀nà tí a ti mọ̀. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Stanford kó àròkọ 91 láti inú TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì mìíràn bíi IELTS, tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ, sínú ẹ̀rọ 7 irú èyí, àwọn ẹ̀rọ náà sì fẹ̀sùn èké kan èyí tó ju ìdajì àròkọ náà lọ, nígbà tí wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣi àròkọ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Amẹ́ríkà mú. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń kọ̀wé, fa ẹ̀rọ aṣàwárí tirẹ̀ sẹ́yìn nítorí pé kò péye. Síbẹ̀, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé lé mi lórí bí onídàájọ́.

Ẹ̀dà àròkọ náà tí mo ti ń tọ́jú bọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló gbà mí, pẹ̀lú ìwé tí mo fi ọwọ́ kọ àkọsílẹ̀ ìwé kíkà mi sí. Mo tò wọ́n síwájú ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kí wọ́n bi mí ní ohunkóhun nípa ohun tí mo kọ. Lẹ́tà tí wọ́n fi dá mi sílẹ̀ kò ju ìlà díẹ̀ lọ, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ kankan níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa kọ̀wé nínú ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe, ẹ má sì ju ìwé àkọsílẹ̀ nù kí èsì tó jáde. Tí wọ́n bá pè yín, ẹ béèrè ẹ̀rí wọn ní kíkọ, ẹ sì mú aṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dání.

Ẹ tún sọ́ra fún àwọn tó ń polówó pé àwọn yóò bá yín tún èdè ṣe. Púpọ̀ nínú wọn máa ń tún àròkọ kọ látòkèdélẹ̀ ni, yunifásítì sì lè ka ìyẹn sí jìbìtì, ọrùn yín ni yóò sì wà. Kí ẹ tó lo ẹnikẹ́ni tàbí ẹ̀rọ èyíkéyìí, ẹ bi ẹ̀ka yín nípa ohun tí òfin wọn gbà, kí ẹ sì gba èsì náà ní kíkọ.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ fún olùkọ́ tó bá ń ka èyí. Ní ọdún 1996, John Truscott, onímọ̀ nípa kíkọ́ èdè kejì, kọ ọ́ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú títún gírámà ṣe nínú àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ èdè kejì. Dana Ferris, onímọ̀ bíi tirẹ̀, ta kò ó, àríyànjiyàn náà sì pẹ́. Ṣùgbọ́n Ferris tó gbèjà àtúnṣe pàápàá fẹ́ èyí tí a fara balẹ̀ yàn tó sì ṣe kedere. Ìlà pupa lásán láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìbéèrè yín. Ẹ má ṣe tún ìdánwò ṣe. Ẹ gbé àròkọ yẹn lọ bá olùkọ́ ní àkókò tó fi sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má sì béèrè bí Gẹ̀ẹ́sì yín yóò ṣe dára, nítorí èsì tí kò wúlò ni yóò fún yín. Ẹ yan ìpínrọ̀ kan, ẹ ní kó fi ìka tọ́ka sí ibi tí kò ti lóye. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àpilẹ̀kọ méjì nínú àwọn tí ẹ̀ka yín ní kí ẹ kà, kí ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ wọn. John Swales, onímọ̀ èdè tó ṣèwádìí ìkọ̀wé àwọn onímọ̀, fi hàn ní ọdún 1990 pé ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbé: ó sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣe pàtàkì, ó fi àlàfo tó kù hàn, ó sì sọ bí òǹkọ̀wé yóò ṣe dí i. Ẹ tún ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ yín kọ ní ọ̀nà yẹn. Tí yunifásítì yín bá ní ọ́fíìsì tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nínú ìkọ̀wé, ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó fi àròkọ kejì ránṣẹ́. Tí wọ́n bá ní àyè ti kún, ẹ fi ìméèlì béèrè kí ẹ sì tọ́jú èsì wọn, nítorí ẹ óò nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá sọ pé ẹ kò wá ìrànlọ́wọ́.