Ẹ Bi Bọ̀dá Wẹ́bù: Wẹ́bùsáìtì mi rẹwà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè mí

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lọ́tẹ̀ yìí. Ìdáhùn àkọ́kọ́ gùn díẹ̀ torí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ pọ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí. Mo ní kí ọmọkùnrin kan bá mi ṣe wẹ́bùsáìtì, ó ṣe é, ó fi hàn mí lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀, inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n jó. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti ń fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn kọ́sítọ́mà, àwọn kan ní kì í tètè ṣí, àwọn míì ní ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kéré jù, àfi káwọn máa fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó rí i kà. Ọmọ yìí wá ní fóònù wọn ni ò dáa. Ṣé òótọ́ ló sọ? – Aránṣọ tọ́rọ̀ sú

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Rárá o, fóònù wọn ò ṣe nǹkan kan. Orí láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ wò ó yẹn gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù yẹn ní ojú gbàgàdà, íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ń sáré, àwọn fọ́tò yẹn sì ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ torí òun náà ló ń ṣí i látàárọ̀ dalẹ́, kí ni ò ní jẹ́ kó rẹwà? Kọ́sítọ́mà yín ńkọ́? Orí ìdúró ló wà, ọwọ́ kan ló fi mú fóònù, ẹrù wà lọ́wọ́ kejì, oòrùn ń ta sí i lójú, dátà ẹ̀ ò sì pọ̀. Ẹni yẹn lẹ ṣe wẹ́bùsáìtì fún, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í sì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ gbéṣẹ́ fún.

Mo ṣí líǹkì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù mi, ó ń yí bìrí bìrí, mo fi í sílẹ̀ lọ bu omi mu, mo padà dé, orí aṣọ búlúù tó wà lókè pátápátá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Mo wá wo bí fọ́tò yẹn ṣe wúwo tó. 6MB! Fọ́tò kan ṣoṣo o, mọ́kànlá irú ẹ̀ ló sì wà lójú ewé yẹn. Bí kámẹ́rà ṣe yà á gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀, ó fẹ̀ tó 4000 píksẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀pọ̀ fóònù, nǹkan bí 1080 ló fẹ̀ mọ. Dátà kọ́sítọ́mà kàn ń jóná lórí nǹkan tójú ẹ̀ ò ní rí ni. Ẹ ní kí ọmọ yẹn dín fọ́tò kọ̀ọ̀kan kù sí bí píksẹ́ẹ̀lì 1200 ní fífẹ̀, kó wá tọ́jú ẹ̀ bíi WebP, ìyẹn irú fáìlì fọ́tò tí Google gbé jáde lọ́dún 2010, tó bá ṣe é dáadáa fọ́tò yẹn lè má ju 200KB lọ, ẹ ò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan lójú aṣọ yín. Ohun tí Google ń fẹ́ ni pé kí nǹkan tó tóbi jù lójú ewé yọ kó tó pé ìṣẹ́jú-àáyá 2.5. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye tí tiyín jẹ́, ẹ wá PageSpeed Insights, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lẹ líǹkì yín síbẹ̀, ó máa sọ ohun tó ń fà á sẹ́yìn fún yín.

Ti fífi ìka fẹ̀ ẹ́ yẹn, ìlà kóòdù kan péré ni ọmọ yẹn gbàgbé. Ìlà kan wà tí wọ́n ń pè ní viewport, òun ló ń sọ fún fóònù pé kó lo ìwọ̀n ojú ara ẹ̀. Tí ò bá sí níbẹ̀, fóònù á máa ṣe bí ẹni pé kọ̀ǹpútà lòun, á wá fún gbogbo ewé yẹn pọ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi dà bí èèrà. Google pàápàá, ojú fóònù ló fi ń wo wẹ́bùsáìtì báyìí kó tó mọ ibi tó máa tò ó sí, ọdún 2016 ló ti kéde ẹ̀, ó sì parí ẹ̀ ní 2023. Ẹni tó ń sọ fún yín pé fóònù ni ò dáa, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ.

Nǹkan kan ṣì kù tẹ́ ò bi mí. Iye aṣọ yín àti ìwọ̀n wọn, àwọ̀ eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí funfun, ó jọ tòde òní lóòótọ́, àmọ́ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. #AAAAAA ni kóòdù tí wọ́n fi ń pe àwọ̀ yẹn, bó ṣe yàtọ̀ sí funfun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ kò ju bíi 2.3 sí 1 lọ, bẹ́ẹ̀ ìlànà WCAG, ìyẹn tàwọn tó ń rí sí i pé gbogbo èèyàn rí wẹ́bù lò, ní ọ̀rọ̀ kéékèèké ò gbọ́dọ̀ dín ní 4.5 sí 1. Ẹ jẹ́ kó dúdú jàre.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń tún ṣe. Mo rí i pé àwọn èèyàn ń wọ wẹ́bùsáìtì mi, àmọ́ ó ti lé lóṣù méjì tí fóònù mi ò dún látibẹ̀. Kí ni mo ṣe? – Atúnfíríìjì

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, mo wá nọ́ńbà yín tì. Mo yí i sókè, mo yí i wálẹ̀, ìgbà tó yá ni mo rí i, inú fọ́tò lógò yín ló wà, kín-ín-ńkín-ín lábẹ́ orúkọ iléeṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, kò pe ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ dà á kọ, kò ṣeé dà kọ, torí fọ́tò ni. Ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè fún afọ́jú náà máa fò ó kọjá ni. Ẹ kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ gidi, kẹ́ ẹ fi líǹkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tel: sí i, tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ ó ti ń pè nìyẹn, kó sì wà lókè. Kí bọ́tìnnì ẹ̀ gba ìka o. Point 44 ni Apple fọwọ́ sí, dp 48 ni ti Google, ní gíga àti ní fífẹ̀; ẹni tó ń ṣe wẹ́bùsáìtì yín máa mọ ìwọ̀n méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tójú mi rí níbẹ̀ ni "Ẹ káàbọ̀, àwa la mọ̀ ọ́n ṣe jù." Kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù? Ẹni tí fíríìjì ẹ̀ bà jẹ́ ò ráyè àlọ́. "A ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ẹ pè wá," ó tán.

Ẹ dán fọ́ọ̀mù yín wò náà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ti ṣe mí rí: ẹni tó bá kọ nǹkan sí fọ́ọ̀mù mi á rí "Ẹ ṣeun, a máa kàn sí yín", àṣé gbogbo ẹ̀ ń lọ sí ímeèlì kan tí mo ti pa tì. Oṣù mẹ́rin gbáko! Ọjọ́ tẹ́nì kan bá mi pàdé tó ní mo ti ga jù báyìí, òun kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mejì mi ò dáhùn, ojú gbà mí tì. Ẹ fi fóònù ẹlòmíì kọ nǹkan ránṣẹ́ síra yín lóṣooṣù.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ẹ káàsán sà. Mo fẹ́ kí orin máa kọ fúnra ẹ̀ téèyàn bá ti ṣí wẹ́bùsáìtì mi, kí fọ́tò márùn-ún sì máa yí lókè. Ṣé ó dáa? – Ọmọ oníbàtà

Ìdáhùn: Àbúrò, kò dáa. Láti 2018 ni Chrome, ìyẹn ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣí wẹ́bùsáìtì, ò ti kí ń sábà jẹ́ kí ohùn bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ mọ́, torí ó ń bí àwọn èèyàn nínú. Fọ́tò tó ń yí, ká tó ka ti àkọ́kọ́ tán ìkejì ti dé, mú èyí tó dáa jù kó dúró jẹ́ẹ́.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ṣá o. Mo ṣí wẹ́bùsáìtì ẹ, "Not secure" ni Chrome kọ sókè gàdàgbà, ibẹ̀ lo sì fẹ́ kí wọ́n ti kọ àdírẹ́sì ilé wọn kalẹ̀ láti ra bàtà? Https, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lójú ọ̀nà, ni ò sí níbẹ̀. Àjọ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ń fúnni ní sátífíkéètì ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, iléeṣẹ́ tó bá ẹ gbé wẹ́bùsáìtì yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè bá ẹ tàn án, bi wọ́n lónìí. Tó o bá ṣe ìyẹn tán, kọ̀wé sí mi padà, ká wá jókòó sọ̀rọ̀ orin.