Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Ebi Pípa Ni Yóò Mú Ara Mi Fúyẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹni ọdún 34 ni mí, mo bí ọmọ méjì, mo sì ń ta aṣọ ní ọjà ní Ìbàdàn. Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, mo wọn kílò 94, gíga mi sì jẹ́ 163 sẹ̀ǹtímítà. Nọ́ọ̀sì tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò sọ pé kí n tètè wá nǹkan ṣe sí sísanra mi. Fún oṣù kan gbáko, èso àti omi nìkan ni mo ń fi gbé ọ̀sán, tí mo sì ń mu ògì lásán lálẹ́. Mo dín kílò 8. Láti ìgbà náà ni mo ti bọ́ sí 0-0-1: n kì í jẹun àárọ̀, n kì í jẹun ọ̀sán, àfi ẹ̀pà díẹ̀ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ní ṣọ́ọ̀bù, tó bá sì di alẹ́ ni mo máa ń jẹ ẹ̀bà. Mo tún ń mu tíì ìfọnra tó máa ń mú mi lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 5 báyìí tí òṣùwọ̀n kò kúrò lórí kílò 86. Òòyì ń kọ́ mi, bí mo bá fi òòyà kan irun mi, ṣe ni ó ń bọ́ mọ́ ọn, n kò sì rí nǹkan oṣù mi fún oṣù 2. Ọ̀rẹ́ mi ní oúnjẹ mi ló ṣì pọ̀ jù, pé kí n padà sí èso àti omi fún ọjọ́ 14. Ṣé kí n ṣe é? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Arábìnrin mi ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é rárá. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò oyún, nítorí pé obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ 34 tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn gbà pé àìjẹun ló fà á. Bí kò bá sí oyún, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ó tó, kí ó sì tún yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò. Ara tí kò bá rí oúnjẹ tó lè dá nǹkan oṣù dúró lóòótọ́, torí pé ọpọlọ a máa pa iṣẹ́ ọmọ bíbí tì nígbà tí okun bá wọ́n, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ní ti tíì yẹn, ẹ dà á nù lónìí. Ewé tí wọ́n ń pè ní senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó sì ń ṣe kò ju pé kí ó mú ìfun ńlá ti ìgbẹ́ àti omi jáde lọ. Kí oúnjẹ tó dé ìfun ńlá, ìfun kékeré ti fa èyí tó pọ̀ jù nínú okun rẹ̀ sínú ara tán, nítorí náà kò sí ọ̀rá kankan tó ń bá ìgbẹ́ náà lọ. Omi ló ń bá a lọ, pẹ̀lú èròjà potásíọ̀mù tí ọkàn nílò kí lílù rẹ̀ tó lè gún. Apá kan nínú òòyì tó ń kọ́ yín lè ti ibẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò. Kálórì ni a fi ń wọn okun tó wà nínú oúnjẹ àti èyí tí ara ń ná. Gíráàmù ṣúgà tàbí ìyẹ̀fun kan ní kálórì 4, gíráàmù èròjà amúaradàgbà kan ní 4, ṣùgbọ́n gíráàmù epo kan ní 9. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Mifflin-St Jeor, tó jáde ní ọdún 1990, tí wọ́n fi ń mọ iye tí ara ń ná nígbà tó bá ń sinmi. Fún obìnrin, a ó mú ìlọ́po 10 ìwọ̀n ara ní kílò, a ó fi ìlọ́po 6.25 gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kún un, a ó yọ ìlọ́po 5 ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò, a ó sì tún yọ 161. Tiyín jẹ́ nǹkan bíi 1,550. Iye yìí ni ọkàn, ẹ̀dọ̀, ọpọlọ àti kíndìnrín yín ń ná bí ẹ bá tilẹ̀ dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Bí a bá fi ìdúró, ìrìn àti aṣọ títò lọ́jà kún un, yóò tó 2,000 tàbí kí ó lé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń yọ nǹkan bíi 500 kúrò nínú èyí fún ẹni tó fẹ́ fọn, nítorí náà 1,500 sí 1,600 lójúmọ́ ló yẹ yín. Wọn kì í sábà fẹ́ kí obìnrin jẹ ohun tí kò tó 1,200 láìsí ẹni tó ń mójú tó o. Èyí tí kò bá sì tó 800, abẹ́ ojú dókítà nìkan la ti ń ṣe é.

Èso àti omi pẹ̀lú ògì lásán kò lè tó 1,200 rárá, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èròjà amúaradàgbà nínú rẹ̀. Kílò 8 tó lọ ní oṣù yẹn, kì í ṣe ọ̀rá nìkan. Ara máa ń tọ́jú ìyẹ̀fun díẹ̀ pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, omi tó tó ìlọ́po 3 rẹ̀ ló sì máa ń so mọ́ ọn. Nígbà tí oúnjẹ bá dín, ìyẹ̀fun náà ló kọ́kọ́ ń tán, omi rẹ̀ á sì bá a lọ. Iṣan pàápàá wà nínú ohun tó lọ. Irun tó ń bọ́ lónìí, gbèsè oṣù yẹn ló ṣeé ṣe kí ó jẹ́, torí pé lẹ́yìn oṣù 2 sí 3 tí ebi bá ti pa ara gidigidi ni irun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í re. Bí oúnjẹ bá tún tó, ó sábà máa ń hù padà.

Ẹ ó wá bi mí pé, kí ló dé tí òṣùwọ̀n fi dúró nígbà tí ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ ń jẹun? Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀pà díẹ̀ tí ẹ sọ, bí ó bá tó gíráàmù 50, tó jẹ́ ìkúnwọ́ kan tó kún dáadáa, ó ní kálórì tó tó 280. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò inú ike 50 sẹ̀ǹtílítà ní nǹkan bíi 200. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 480, ẹ kò sì kà á sí oúnjẹ. Tó bá wá di alẹ́ tí ebi ti pa yín bí ẹni máa dákú, kì í ṣe ẹ̀bà kékeré ni ẹ máa rọ. Gààrì gbígbẹ tó tó gíráàmù 200 ní kálórì 700, láì tíì ka ọbẹ̀. Tí a bá fi ọbẹ̀ àti ẹran sí i, ọjọ́ tí ẹ rò pé ẹ kò jẹ nǹkan kan ti lè kọjá 1,600, ká má tíì sọ ti àríyá ọjọ́ Sátidé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti rẹ̀ yín débi tí ẹ fi ń jókòó sójú kan ní ṣọ́ọ̀bù, tí ara kò fi ná okun púpọ̀. Ẹ ń jẹ púpọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ebi èròjà tí ń tún ara ṣe sì ń pa yín. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ lára ẹnì kan ṣoṣo, mo sì ń rí i léraléra nínú lẹ́tà àwọn òǹkàwé wa.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ara ti “tilẹ̀kùn”, pé kò lè fọn mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọ̀dọ́kùnrin 36 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n sì fún wọn ní nǹkan bíi kálórì 1,570 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 24, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe tọ́jú àwọn tí ogun ti fi ebi pa. Wọn kò dẹ́kun fífọn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn ló lọ. Ṣùgbọ́n okun tí ara wọn ń ná nígbà ìsinmi lọ sílẹ̀ gan-an, òtútù ń mú wọn nígbà tí ooru ń mú àwọn ẹlòmíràn, ọkàn wọn ń lù jẹ́jẹ́, irun wọn ń re, inú ń bí wọn kíákíá, oúnjẹ nìkan ni wọ́n sì ń rò. Ọkùnrin tí ara wọn le ni wọ́n o, iye tí wọ́n ń jẹ sì pọ̀ gan-an ju èyí tí ọ̀rẹ́ yín ní kí ẹ jẹ.

Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ṣíbí ìjẹun epo pupa kan ní nǹkan bíi kálórì 120. Bí ẹ bá fi ojú wọn epo, tí ẹ dà á láti inú kẹ́ẹ̀gì títí ojú ọbẹ̀ fi pọ́n, ó rọrùn kí epo tó kún agolo mílíìkì kan wọlé, ìyẹn sì lé ní 1,000. Bí ẹni mẹ́rin bá jẹ ọbẹ̀ náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti mu kálórì tó lé ní 250 nínú epo nìkan. Ẹ fi ṣíbí wọn ún, kí ó jẹ́ ṣíbí 4, kí ata, àlùbọ́sà, irú àti ẹja gbígbẹ gbé ọbẹ̀ náà dùn. Èyí kò ní kí ẹ jẹun díẹ̀. Ohun tí kò yó yín ni ó yọ kúrò, kí àyè lè wà fún ohun tó máa yó yín.

Ní òwúrọ̀, ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín kan pẹ̀lú ẹ̀kọ, nǹkan bíi 350. Ẹyin bíbọ̀ kan àti ọsàn kan láàárín ọjọ́ á dípò ẹ̀pà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọn kò sì tó 150. Ní ọ̀sán, ìrẹsì tó ti jinná gíráàmù 200, ẹ̀wà díẹ̀, ọbẹ̀ ata tí epo rẹ̀ kò pọ̀ àti ẹja tó nípọn kan yóò tó nǹkan bíi 630. Lálẹ́, àmàlà kékeré, ẹ̀fọ́ rírò tó pọ̀ jù ú lọ nínú abọ́, àti ẹran adìyẹ tí a ti bọ́ awọ rẹ̀, nǹkan bíi 500. Gbogbo rẹ̀ yí 1,600 ká. Ìfojúbù ni o, kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń jẹ́ kí iṣan dúró nìyẹn, pẹ̀lú gbígbé ohun tó wúwo díẹ̀ tàbí dídìde àti jíjókòó lórí àga léraléra, bíi ìgbà 2 tàbí 3 láàárín ọ̀sẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sí àríyá, ẹ jẹun kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣe fi ebi gbogbo ọ̀sẹ̀ dúró de ìyán níbẹ̀.

Kílò ìlàjì sí kílò 1 lọ́sẹ̀ ti tó. Fífọn kíákíá máa ń fa òkúta sínú àpò òróòro, ìrora rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ó ṣeé ṣe kí òṣùwọ̀n gòkè díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá padà sí oúnjẹ. Omi ni, ẹ má jẹ́ kí ó já yín láyà. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ béèrè fún onímọ̀ oúnjẹ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìlú yín, torí pé wọ́n ní ẹ̀ka tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹni ọdún 52 ni mí, mo ní àtọ̀gbẹ, mo sì ń lo oògùn tí wọ́n ń pè ní glibenclamide. Dókítà ní kí n fọn. Ṣé mo lè máa jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́? — Bàbá kan, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Rárá o, bàbá, àyàfi tí dókítà bá kọ́kọ́ tún ìwọ̀n oògùn náà ṣe. Irú oògùn yìí, àti abẹ́rẹ́ insulin, ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wá sílẹ̀ yálà ẹ jẹun tàbí ẹ kò jẹun. Bí ó bá já sí ìsàlẹ̀ 70 mg/dL lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà, òógùn á bò yín, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á máa dàrú mọ́ yín lójú, ẹni tó bá wà nídìí ọkọ̀ lè pa ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ po ṣíbí tíì 3 sí 4 ṣúgà mọ́ omi, ẹ mu ún, kí ẹ tún wọn ẹ̀jẹ̀ yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹun. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé mọ èyí pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti dákú, wọn kò gbọdọ̀ da nǹkan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ. Oúnjẹ kékeré mẹ́ta tí àkókò wọn kì í yẹ̀ ló sàn fún yín, kí òkèlè dín, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi jẹ́ oṣù 4, ọmú nìkan ló ń mu. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ kù báyìí? — Ìyá ìkókó, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọwọ́ lómi. Wàrà ọmú ń ná ara ní nǹkan bíi kálórì 500 lójúmọ́, apá kan nínú rẹ̀ sì ń ti inú ọ̀rá tí ẹ kó jọ nígbà oyún wá, nítorí náà ara yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín fúnra rẹ̀. Ẹ jẹun nígbà tí ebi bá ń pa yín, ẹ yọ ohun mímu aládùn àti búrẹ́dì funfun kúrò kí ẹ tó yọ ohunkóhun mìíràn, kí ẹ sì bá nọ́ọ̀sì tó ń bẹ ilé yín wò sọ̀rọ̀ bí ìwọ̀n ara yín bá ń já ju kílò ìlàjì lọ lọ́sẹ̀ tàbí bí ọmọ kò bá wúwo sí i bó ṣe yẹ.